SARATOV: ILẸ̀ OÚNJẸ TÍ EBI PA

 

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tí ebi ti pa rí tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn òwe náà: kí ni ó ń gbé ebi wọ ìlú? Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa, èsì tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé ọ̀dá ni, tàbí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, tàbí ìwà ọ̀lẹ. Nínú ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jọ fi ọkàn rin ìrìn-àjò dé agbègbè kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí ó sì lọ́ràá, tí odò tí ó gùn jù lọ ní Yúróòpù ń gba àárín rẹ̀ kọjá, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jẹ́ alágbára àgbẹ̀. Síbẹ̀ tí ebi pa wọ́n ní àpakú, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Saratov ni orúkọ agbègbè náà, orúkọ kan náà sì ni olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́. Ìtàn rẹ̀ yóò fi hàn wá pé ilẹ̀ rere nìkan kò lè bọ́ ènìyàn, bí kò bá sí òdodo nínú àwọn tí ń ṣàkóso ilẹ̀ náà.

ODÒ ÀTI ILẸ̀ NÁÀ

Bí ènìyàn bá kúrò ní Moscow, tí ó kọjú sí ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn, tí ó sì rin nǹkan bí 850 kìlómítà, yóò dé etí odò Volga ní ìlú Saratov. Odò Volga gùn tó 3,530 kìlómítà. Odò Ọya tiwa gùn jù ú lọ, nítorí pé òun tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà; ṣùgbọ́n ní gbogbo Yúróòpù, kò sí odò tí ó gùn tó Volga. Kì í ṣàn lọ sínú òkun ńlá bí Odò Ọya ti ń ṣe. Inú Òkun Caspian, tí ilẹ̀ yí ká níhà gbogbo, ni ó ń da omi rẹ̀ sí.

Volga pín agbègbè Saratov sí ọ̀nà méjì tí kò jọra. Níhà ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ga, òkè wà níbẹ̀, igbó sì wà pẹ̀lú. Níhà ìlà-oòrùn, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹní, ọ̀dàn gbalasa ni, kò sí igi púpọ̀ níbẹ̀, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ààlà orílẹ̀-èdè Kazakhstan. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a bo gbogbo ilẹ̀, odò pàápàá a sì dì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn gbígbẹ kan a máa fẹ́ wá láti ìhà ìlà-oòrùn. Ó gbẹ bí ọyẹ́ tí àwa mọ̀, ṣùgbọ́n gbígbóná ni tirẹ̀, ó sì lè sun oko àlìkámà gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé ọdún kan lè sanra kí èkejì sì rù. Ẹni tí ó gbọ́n níbẹ̀ a máa fi ọkà ọdún ọ̀rá pamọ́ de ọdún ọ̀dá, gẹ́gẹ́ bí Jósẹ́fù ti ṣe ní ilẹ̀ Íjíbítì. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a níwájú.

Agbègbè náà fẹ̀ tó nǹkan bí 100,000 kìlómítà níbùú lóròó. Bí a bá pín Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni Saratov fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lé ní 2,400,000, nǹkan bí 900,000 nínú wọn sì ń gbé inú olú-ìlú. Ní òdìkejì odò, ìlú Engels ni ó kọjú sí Saratov. Afárá kan tí ó gùn ju 2,800 mítà lọ, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965, ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀.

BÍ ÌLÚ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Kí àwọn ará Rọ́ṣíà tó dé ibẹ̀, àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin ni ó ni ọ̀dàn náà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, lábẹ́ ìjọba àwọn Mongol, ìlú ọlọ́jà kan tí ń jẹ́ Ukek wà nítòsí ibi tí Saratov wà lónìí. Baba Marco Polo àti arákùnrin baba rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1395 ni jagunjagun Timur pa Ukek run.

Nígbà tí Ọba Ivan Kẹrin ti Moscow gba Kazan ní ọdún 1552, tí ó sì gba Astrakhan ní ọdún 1556, gbogbo odò Volga bọ́ sí abẹ́ Rọ́ṣíà. Láti ṣọ́ ọ̀nà omi náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ìlú olódi sí etí rẹ̀: Samara ní ọdún 1586, Tsaritsyn ní ọdún 1589, àti Saratov ní ọdún 1590. Ọmọba Grigory Zasekin ni ó kọ́ Saratov. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èdè àwọn Tatar ni orúkọ náà ti wá, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "òkè pupa rúsúrúsú", nítorí òkè kan tí ó wà lẹ́bàá ìlú náà. Ní ọdún 1674 ni wọ́n gbé ìlú náà wá sí bèbè ọ̀tún odò, níbi tí ó wà títí di òní.

Ààbò odi náà kò tó nǹkan fún ìbínú àwọn tálákà. Ní ọdún 1670, Stepan Razin, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, gba Saratov. Ní ọdún 1774, Yemelyan Pugachev tún gbà á. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí kì í ṣe ẹni mímọ́, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń tẹ̀lé wọn kò ṣòro láti mọ̀. Ní Rọ́ṣíà ìgbà náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá bí ẹrú. Olówó lè tà wọ́n, ó lè nà wọ́n, ó sì lè fún ọmọ wọn ní ọkọ tí ó wù ú. Ọdún 1861 ni òfin tó tú wọn sílẹ̀.

ÌLÉRÍ ỌBABÌNRIN CATHERINE

Ní ọdún 1762, obìnrin kan gorí ìtẹ́ Rọ́ṣíà. Catherine Kejì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì sì ni láti ìbí. Ó rí i pé ilẹ̀ gbalasa wà ní etí Volga tí kò sí ẹni tí ń ro ó. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje, ọdún 1763, ó gbé ìkéde jáde, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ káàkiri Yúróòpù, pé kí àwọn àjèjì wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ òun. Ó ṣèlérí pé olúkúlùkù yóò sin Ọlọ́run bí ó ti ń sìn ín nílé. Pé ẹni tí ó bá tẹ̀dó sí ilẹ̀ òfìfo kì yóò san owó-orí fún 30 ọdún. Pé ìjọba yóò yá wọn lówó láìgba èlé. Àti pé wọn kì yóò fi agbára mú àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn wọ iṣẹ́ ológun láé.

Ní Jámánì ìgbà náà, ogun ọdún méje ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ilé ti jó, ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìlérí yìí, ọ̀pọ̀ di ẹrù wọn. Àwọn tí ó lé ní 20,000 dé etí Volga láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n sì tẹ ìletò tí ó lé ní 100 dó ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ Saratov. Púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìjọ Luther, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ọmọ Ìjọ Kátólíìkì.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n ka nínú ìwé. Kò sí ilé. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀, tí wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé inú rẹ̀ ní ìgbà yìnyín. Nínú wọn ni a ti rí alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti olùkọ́, àwọn tí wọ́n rò pé àwọn yóò máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba pàṣẹ pé oko ni kí gbogbo wọn ro. Ní àwọn ọdún 1770, àwọn ẹlẹ́ṣin láti inú ọ̀dàn kọ lù wọ́n, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́rú. Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Wọ́n fara dà á. Nígbà tí yóò fi di ìran kejì àti ìkẹta, ọ̀dàn ti di oko. Ọkà wọn ń lọ lórí odò, ẹ̀rọ ìlọ̀yẹ̀fun sì pọ̀ ní Saratov débi pé ìyẹ̀fun ni a fi ń mọ ìlú náà. Reluwé dé ibẹ̀ ní ọdún 1871. Ní ọdún 1885, wọ́n ṣí ilé ìkó-àwòrán-sí kan tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, èyí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn Moscow àti St. Petersburg. Orúkọ Alexander Radishchev ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fi apá kejì Catherine hàn wá. Ní agbègbè Saratov àtijọ́ ni Radishchev ti dàgbà, níbi tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyà àwọn àgbẹ̀ tí a so mọ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1790, ó kọ ìwé lòdì sí ìwà náà. Catherine kan náà, tí ó ṣèlérí òmìnira fún àjèjì, ni ó jẹ́ kí wọ́n dá a lẹ́bi ikú, kí ó tó yí i padà sí ìgbèkùn ọdún mẹ́wàá ní Siberia. Ó fún àlejò ní òmìnira, ó sì fi ọmọ onílẹ̀ sínú ìdè. Ilé tí a bá kọ́ báyìí kò lè dúró pẹ́.

ÌJỌ NÍNÚ ÀWỌN ÀJÈJÌ

Nígbà tí Póòpù Pius Kẹsàn-án àti Ọba Nicholas Kìíní fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1847, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti dá dáyósíìsì sílẹ̀ fún àwọn Kátólíìkì gúúsù Rọ́ṣíà. Tiraspol ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1856 Bíṣọ́ọ̀pù fi Saratov ṣe ibùjókòó. Ní ọdún kejì, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà síbẹ̀. Ní ọdún 1881, wọ́n ya Kàtídírà Ẹni Mímọ́ Clement sí mímọ́ ní àárín ìlú náà. Ẹ rántí pé Clement yìí ni Póòpù tí ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ Ìjọ sọ pé wọ́n lé lọ sí ìgbèkùn ní Crimea, tí wọ́n so ìdákọ̀ró mọ́ lọ́rùn, tí wọ́n sì jù sínú òkun. Fún Ìjọ àwọn tí ó wá láti ìdálẹ̀, kò sí alábòó tí ó bá wọn mu jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé Ọlọ́run yìí fi parí, ìlérí Catherine ti bàjẹ́. Ní ọdún 1874, ìjọba fi òfin mú gbogbo ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, títí kan àwọn ọmọ àwọn àjèjì. "Láé" ti Catherine kò tó 111 ọdún. Ọ̀pọ̀ tún di ẹrù wọn. Láti ọdún 1876, àwọn Kátólíìkì etí Volga ń tẹ̀dó sí Kansas ní Amẹ́ríkà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Ẹni Mímọ́ Fidelis, tí wọ́n parí ní ọdún 1911 ní ìlú Victoria, ṣì dúró. Àwọn mìíràn lọ sí Brazil àti Argentina. Àwọn tí ó kù sẹ́yìn rò pé àwọn ti yan ohun tí ó dára jù, nítorí ilẹ̀ wọn ń so.

ỌDÚN 1921

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ìjọba ọba wó lulẹ̀ ní ọdún 1917, àwọn Kọ́múníìsì gba àṣẹ, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀. Láti bọ́ àwọn ọmọ-ogun àti àwọn ará ìlú ńlá, ìjọba tuntun rán àwọn oníbọn lọ sí abúlé láti fi agbára gba ọkà. Lórí ìwé, àjẹkù àgbẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń gbà. Ní òtítọ́, wọ́n gba oúnjẹ ẹnu, wọ́n sì gba irúgbìn tí àgbẹ̀ fi pamọ́ de ọdún tí ń bọ̀.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ní ilẹ̀ yẹn, ọkà ọdún ọ̀rá ni ènìyàn fi ń la ọdún ọ̀dá já. Nígbà tí ọ̀dá dé ní ọdún 1921, àká ti ṣófo. Àwọn ènìyàn jẹ koríko, wọ́n jẹ èèpo igi, wọ́n jẹ awọ. Àwọn ọmọ aláìlóbìí kún ibùdókọ̀ ojú irin àti etí odò. Ní gbogbo Rọ́ṣíà, àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ni ìyàn náà àti àwọn àrùn tí ó tẹ̀lé e pa, etí Volga, tí Saratov wà nínú rẹ̀, sì ni ọkàn ìyàn náà.

Kí a má ṣe ṣìnà níhìn-ín. Ọ̀dá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dá ti wà níbẹ̀ rí. Ohun tí ó sọ ọ̀dá di ìparun ni pé àwọn alágbára ti gba ohun tí tálákà fi pamọ́.

Àánú kò tán ní ayé nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1921, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n gba àwọn ará Rọ́ṣíà lọ́wọ́ ebi. Ẹgbẹ́ aláàánú láti Amẹ́ríkà gbé oúnjẹ wá. Ẹgbẹ́ àwọn ará Britain tí ń jẹ́ Save the Children ṣí ilé ìdáná fún àwọn ọmọdé ní agbègbè Saratov gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni wọ́n gbà là. Ṣùgbọ́n ìjọba kò kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1932 àti 1933, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi agbára gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ìyàn tún padà sí etí Volga.

Ní àkókò kan náà ni wọ́n ń pa ilé Ọlọ́run dé. Bíṣọ́ọ̀pù Josef Kessler ti sá kúrò ní Saratov láti ọdún 1918. Ní ọdún 1935, wọ́n ti Kàtídírà Ẹni Mímọ́ Clement pa. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ilé náà di ilé sinimá fún àwọn ọmọdé.

ÌGBÀ ÌKÓRÈ 1941

Àwọn Kọ́múníìsì pẹ̀lú ti ṣèlérí. Ní ọdún 1924, wọ́n dá ìpínlẹ̀ aládàáṣe kan sílẹ̀ fún àwọn ará Jámánì etí Volga, Pokrovsk sì ni olú-ìlú rẹ̀, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Engels ní ọdún 1931. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hitler kọ lu Rọ́ṣíà ní oṣù kẹfà ọdún 1941, ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára wọn di ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ìjọba gbé òfin jáde pé amí àti ọ̀tá pọ̀ láàárín wọn, pé kí gbogbo wọn kó lọ. Kò sí ìgbẹ́jọ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Ó lé ní 360,000 ènìyàn, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú irin tí a fi ń kó ẹran, lọ sí Siberia àti Kazakhstan. Àwọn baba ńlá wọn ti lo ọdún 177 ní ilẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó tọkùnrin tobìnrin nínú wọn lọ sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekú, ọ̀pọ̀ kò sì padà. Ìgbà ìkórè ni. Màlúù ń ké nínú ọgbà pẹ̀lú ọmú tí ó kún, kò sì sí ẹni tí yóò fún wàrà wọn.

Ní ìgbà ìkórè yẹn kan náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1941, wọ́n mú ẹlẹ́wọ̀n kan wọ ìlú Saratov. Nikolai Vavilov ni orúkọ rẹ̀. Ìlú náà kì í ṣe àjèjì sí i, nítorí pé láti ọdún 1917 sí 1921 ni ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, Saratov sì ni ó ti kọ́kọ́ sọ ìmọ̀ ńlá rẹ̀ fún ayé ní ọdún 1920. Ó wà ní etí Volga nígbà tí ìyàn 1921 ń súnmọ́, ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá bí ebi kò ṣe ní pa ènìyàn mọ́. Ó rin ayé ká, dé Afghanistan, dé Amẹ́ríkà ti Gúúsù, dé ilẹ̀ Ethiopia ní Áfíríkà wa níbí ní ọdún 1927, ó ń kó hóró àlìkámà, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti onírúurú irúgbìn jọ. Ó gbàgbọ́ pé nínú irúgbìn tí àgbẹ̀ kékeré fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ayé ni a ó ti rí èyí tí yóò fara da ọ̀dá àti àrùn. Ní Leningrad ni ó kó àwọn irúgbìn náà jọ sí, kò sì sí àkójọ irúgbìn mìíràn tí ó tó o ní ayé ìgbà náà.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó kọ̀ láti sọ pé irọ́ jẹ́ òtítọ́. Trofim Lysenko, ẹni tí Stalin fẹ́ràn, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn tí kò ní ẹ̀rí, Vavilov sì lòdì sí i. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, ọdún 1940. Ní oṣù keje ọdún 1941, wọ́n dá a lẹ́bi ikú. Ní ọdún 1942, wọ́n yí i sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún, ṣùgbọ́n inú ẹ̀wọ̀n Saratov ni ebi ti ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Yelena Barulina, ọmọ Saratov ni. Ogun ti lé e padà sí ìlú náà pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn. Moscow ni ó rò pé ọkọ òun wà, ibẹ̀ ni ó sì ń fi oúnjẹ díẹ̀ tí ó rí ránṣẹ́ sí. Kò mọ̀ pé inú ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní, ọdún 1943, Vavilov kú. Ẹni tí ó fẹ́ bọ́ gbogbo ayé, ebi ni ó pa á, ní àárín ilẹ̀ àlìkámà. Inú ihò tí wọ́n ń kó òkú ẹlẹ́wọ̀n sí ni wọ́n sin ín sí.

Ní Leningrad, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Hitler yí ìlú náà ká, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣọ́ àkójọ irúgbìn náà. Ìrẹsì wà níwájú wọn, ẹ̀wà wà níwájú wọn. Àwọn kan nínú wọn kú fún ebi, wọn kò sì fọwọ́ kan hóró kan. Wọ́n mọ̀ pé irúgbìn ọ̀la àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni.

LẸ́YÌN NÁÀ

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1955, ilé-ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi tí wọ́n dá Vavilov. Lónìí, ère rẹ̀ wà ní Saratov, yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn ìlú náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1964, ìjọba gbà pé ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn ará Jámánì etí Volga kò ní ìdí, ṣùgbọ́n wọn kò dá ìpínlẹ̀ wọn padà fún wọn títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn lọ sí Jámánì nígbà tí ọ̀nà ṣí lẹ́yìn ọdún 1990, sí ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀ rí àfi nínú ìtàn.

Ìlú Saratov kò dúró lójú kan. Ibẹ̀ ni Yuri Gagarin ti kọ́ iṣẹ́ irin, tí ó sì kọ́kọ́ wa ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 1955. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ọdún 1961, nígbà tí ó yí ayé po lójú ọ̀run, tí kò sí ènìyàn tí ó ṣe irú rẹ̀ rí, inú oko nítòsí Engels ni ó sọ̀kalẹ̀ sí. Ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ oko ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Síbẹ̀, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ohun ìjà tí ó wà níbẹ̀, wọn kò gba àwọn àjèjì láyè láti wọ Saratov títí di nǹkan bí ọdún 1990. Ìlú tí àwọn àjèjì bá ro oko rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì.

Ìjọ pàápàá tún hù láti inú gbòǹgbò. Ní ọdún 1991, àlùfáà ọmọ Jámánì kan, Clemens Pickel, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú kékeré Marx, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìletò àtijọ́ náà. Ní ọdún 2000, wọ́n ya Kàtídírà tuntun ti Pétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sí mímọ́ ní Saratov. Ní ọdún 2002, Póòpù John Paul Kejì sọ ibẹ̀ di dáyósíìsì, Pickel sì di Bíṣọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹni Mímọ́ Clement ni orúkọ dáyósíìsì náà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju gbogbo Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjọ inú rẹ̀ kéré gan-an. Àlùfáà a máa wa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí kí ó tó ṣe Mísà fún ìdílé mélòó kan.

Ogun kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti kọ lu Ukraine ní ọdún 2022, pápá ọkọ̀ òfurufú ológun tí ó wà ní Engels wà lára ibi tí àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ti ń gbéra. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún náà, ohun ìjà láti òfurufú kọ lu pápá náà pẹ̀lú. Ukraine àti etí Volga, ilẹ̀ àlìkámà ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà ọkà lórí Òkun Dúdú ní ọdún náà, owó búrẹ́dì gun òkè ní ọjà wa níhìn-ín.

ẸKỌ́ TÍ Ó KÙ

Ẹ̀yin ará, kí ni a rí mú nínú ìtàn yìí? Ilẹ̀ Saratov kò yí padà láti ìgbà Catherine. Ó dúdú nígbà náà, ó dúdú lónìí. Atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ́ nígbà náà, ó ń fẹ́ lónìí. Ohun tí ó ń yí padà ni ọkàn àwọn tí ó di àṣẹ mú. Nígbà tí a pa ìlérí mọ́, ọ̀dàn di oko, àlejò sì bọ́ onílé. Nígbà tí a da ìlérí, tí a gba irúgbìn lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí a sì ti olóòótọ́ mọ́lé, ebi pa ènìyàn lẹ́bàá àká.

Púpọ̀ nínú wa tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni kì í ṣe ọmọ ibi tí a ń gbé. Àwọn òbí wa kó wá síhìn-ín nítorí iṣẹ́ àti òwò, a bí àwọn ọmọ wa síhìn-ín, a sì sin òkú wa síhìn-ín. Ìtàn àwọn ará etí Volga bá àlejò àti onílé wí pọ̀. Ó ń sọ fún àlejò pé kí ó fi òógùn ojú rẹ̀ tún ibi tí ó wà ṣe. Ó ń sọ fún onílé àti fún aláṣẹ pé a kì í fi ẹ̀yà ènìyàn ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, àti pé ilẹ̀ tí a bá lé ẹni tí ń ro ó kúrò yóò bí ẹ̀gún.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún àwọn ará wa díẹ̀ tí ó wà ní Saratov, fún Rọ́ṣíà àti Ukraine kí ogun ó tán, àti fún àwọn alákòóso tiwa, kí Ọlọ́run fún wọn ní ọkàn tí ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Kí ẹni tí ó ní ọkà nínú àká rántí ẹni tí kò ní. Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún oko wa àti ilé wa, ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.